Rírà ìpín ilé iṣẹ́ ṣípù àwòrán nígbà tí ọjà wọn bá ṣubú: kí ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò?

Ọmọ-Àkúrẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Iye ìpín àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù àwòrán fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde lójú rẹ̀, pàápàá NVIDIA àti AMD, máa ń ga fíofío, ó sì tún máa ń já wálẹ̀ lójijì. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2021 sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iye ìpín NVIDIA ló lọ. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí gbogbo ilé iṣẹ́ náà fi tó tírílíọ̀nù kan dọ́là.

Gbogbo ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí fún mi ló ń sọ pé ìgbà tí ọjà bá ṣubú ni kí n rà. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé èyí tó ṣubú yóò dìde? Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́. Ṣé NVIDIA ni kí n máa ṣọ́ ni, àbí AMD, àbí kí n jìnnà sí àwọn méjèèjì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí dá mi lóhùn, ẹ má fi àsọtẹ́lẹ̀ ṣe é.

Oníṣirò-Àgbà

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kí o tó rà. Jẹ́ kí n mú ọdún 2008, nítorí pé ọdún náà ni ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣubú pa pọ̀, tí ohun tó wà lápò wọn sì yàtọ̀ síra gan-an.

Ní ọdún ìṣirò tí NVIDIA parí ní oṣù Kìíní ọdún 2008, ọjà tí wọ́n tà lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 4 dọ́là, èrè wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 800. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjà títà wálẹ̀ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 3.4, wọ́n sì pàdánù mílíọ̀nù 30. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìṣubú ilé ìfowópamọ́ Lehman Brothers ní oṣù Kẹsàn-án ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wàhálà ti wọlé ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù Kẹfà, AMD gbé káàdì àwòrán (pátákó tí ṣípù wà lára rẹ̀) Radeon HD 4870 jáde ní 299 dọ́là nígbà tí NVIDIA ń ta GTX 280 tirẹ̀ ní 649. Kò pẹ́ rárá tí NVIDIA fi ní láti já iye rẹ̀ wálẹ̀ sí 499. Ṣípù tó wà nínú káàdì NVIDIA yìí sì fẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti AMD lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé owó tí wọ́n fi ṣe é pọ̀ gan-an, iye tí wọ́n wá ń tà á kò sì fi èrè gidi sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, wọ́n tún kéde pé àbùkù wà lára àwọn ṣípù kan tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, pé àwọn yóò ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ṣàtúnṣe rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìpín wọn lọ. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀dá owó gbogbo ayé wá dé, tí àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà sì dín ọjà tí wọ́n ń rà kù.

Wàyí o, wo AMD. Ọdún 2006 ni wọ́n ra ATI, ilé iṣẹ́ ṣípù àwòrán ti Kánádà, ní nǹkan bí bílíọ̀nù 5.4 dọ́là, wọ́n sì yá owó ńlá láti fi rà á. Wọ́n pàdánù ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ ní ọdún 2007, wọ́n tún pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 3 mìíràn ní ọdún 2008. Káàdì wọn ni ayé ń yìn nígbà náà, síbẹ̀ ọrùn wọn wà nínú gbèsè tó ju bílíọ̀nù 4 lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ta dúkìá. Ẹ̀ka tó ń ṣe àwòrán fún fóònù ni wọ́n tà fún Qualcomm, ilé iṣẹ́ ṣípù fóònù ti Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìíní ọdún 2009 ní mílíọ̀nù 65 péré. Láti ara ẹ̀ka náà ni ṣípù àwòrán Adreno ti jáde, èyí tó wà nínú ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ fóònù Android lónìí. Wọ́n gbé ilé àgbẹ̀rọ ṣípù wọn náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣípù, kúrò lọ́wọ́ ara wọn pẹ̀lú owó àwọn olùdókòwò láti Abu Dhabi, ó sì di ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ GlobalFoundries.

NVIDIA kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ fún wọn lé ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, gbèsè wọn kò tó nǹkan, wọn kò sì ní ilé àgbẹ̀rọ, nítorí pé TSMC ní Taiwan ló ń bá wọn ṣe ṣípù. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ bí 360 dúró lóòótọ́, àmọ́ ní ọdún tí ọjà wọn já wálẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n gbé owó ìwádìí láti nǹkan bí mílíọ̀nù 690 lọ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 850. Lára iṣẹ́ tí wọn kò pa tì ni CUDA, ètò tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 kí àwọn onímọ̀ lè fi ṣípù àwòrán ṣe ìṣirò tí kò kan àwòrán. Nígbà tó di ọdún 2012, káàdì GTX 580 méjì ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Toronto fi kọ́ AlexNet, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá àwòrán mọ̀, tó la ọ̀nà fún ọgbọ́n àtọwọ́dá òde òní.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nìyẹn nígbà tí ọjà bá ṣubú: ta ló lówó tó láti máa ṣiṣẹ́ lọ títí ọjà yóò fi padà?

Ìyá-Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, mo dúpẹ́ fún àlàyé yìí, mi ò sì já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni, ìdajì tó kù sì lè mú èèyàn sunkún. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ẹni tó ra NVIDIA fojú rí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ìpín kan sún mọ́ 40 dọ́là. Nígbà tí ìròyìn àbùkù tí ẹ sọ yẹn jáde ní oṣù Keje ọdún 2008, ó ti di nǹkan bí 12 àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ló sá wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ó ti dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, nǹkan bí 6 dọ́là ni. Ẹni tó rà lẹ́yìn ìṣubú náà tún rí ìdajì owó rẹ̀ tó lọ, ilé iṣẹ́ náà sì ni ilé iṣẹ́ rere tí ẹ ń sọ, olówó lọ́wọ́, tí kò jẹ gbèsè. Ẹni tó rà ní ọdún 2007 ní tirẹ̀ dúró títí di nǹkan bí oṣù Karùn-ún ọdún 2016 kó tó rí iye tó fi rà á padà. Ọmọ tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ẹni náà rà á ti wọ ilé ìwé girama.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí àwọn tí kò dìde mọ́. Ní ọdún 1996 sí 1998, ilé iṣẹ́ 3dfx ni ọba káàdì àwòrán. Orúkọ káàdì wọn, Voodoo, wà lẹ́nu gbogbo àwọn tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá lọ ra STB, ilé iṣẹ́ tó ń to káàdì, kí wọ́n lè máa fúnra wọn ta káàdì. Bí àwọn tó ń ra ṣípù lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ṣe di abánidíje wọn nìyẹn, tí wọ́n sì kọjá sọ́dọ̀ NVIDIA. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, 3dfx gbà láti ta ohun tó kù fún NVIDIA. Ní ọdún 2002 wọ́n wọ ilé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí onígbèsè. Ẹni tó ra 3dfx nígbà tó “pọ́kú” kò rí ọjọ́ tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o máa ra ohun tó bá ṣubú, bi í léèrè pé èwo nínú wọn.

Aṣàtúnṣe-Ẹ̀rọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Ìkẹjà, nítorí náà ibi tí káàdì ń gbà dé ọwọ́ aráàlú ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣubú kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ti ọdún 2008 wá láti inú ọ̀dá owó àti ìdíje. Ti ọdún 2018 àti ti ọdún 2022 ní ohun mìíràn nínú, ìyẹn àwọn tó ń fi káàdì àwòrán wa owó kirípítò, irú owó orí ayélujára kan.

Nígbà náà, bí Ethereum, ọ̀kan nínú owó kirípítò, bá wọ́n, wọ́n máa ń ra káàdì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ilé iṣẹ́ á sì kà á mọ́ ọjà géèmù. Nígbà tí iye kirípítò bá já, àwọn oníkirípítò kò ní ra tuntun mọ́, wọ́n á tún da àlòkù wọn sí ọjà, èyí tó ń bá káàdì tuntun du oníbàárà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, NVIDIA jẹ́wọ́ pé káàdì irú GTX 1060 ti kún ilé àwọn alágbàtà, ìpín wọn sì fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún já ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, kò sì nílò káàdì mọ́ rárá.

SEC ti Amẹ́ríkà, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín, tilẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5.5 dọ́là lé NVIDIA ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nítorí pé wọn kò ṣàlàyé fún àwọn onípìn-ín ní ọdún ìṣirò 2018 bí kirípítò ṣe ń gbé ọjà géèmù wọn ga tó. Nítorí náà, mo gba Ọmọ-Àkúrẹ́ nímọ̀ràn kó máa wo iye àlòkù káàdì. Bí àlòkù bá wọ́n tó tuntun, ọjà kò tíì ṣubú. Bí àlòkù bá ń já lójoojúmọ́, ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ yóò sọ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan.

Ọmọ-Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ní ìbéèrè kan sí i. Mo kà á níbì kan pé kí èèyàn fi èrè orí ìpín kan pín iye ìpín náà, pé bí iye tó jáde bá kéré, ìpín náà kò wọ́n. Ṣé mo lè fi èyí ṣe òṣùwọ̀n mi?

Oníṣirò-Àgbà

Rárá, àbúrò, má fi í ṣe òṣùwọ̀n níhìn-ín láìfi òmíràn tì í. Òṣùwọ̀n náà wúlò fún ilé iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, bíi àwọn tó ń ta ọṣẹ tàbí ìyẹ̀fun. Nínú iṣẹ́ ṣípù, ìgbà tí èrè bá ga jù ni òṣùwọ̀n náà máa ń sọ pé ìpín kò wọ́n. Ká ní ìpín kan jẹ́ 100 dọ́là, tí èrè rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 10; ìlọ́po 10 nìyẹn, gbogbo èèyàn á ní kò wọ́n. Bí ọjà bá wá ṣubú, tí èrè di 2 dọ́là, tí ìpín sì já sí 60, ìlọ́po 30 ló dà yẹn, àwọn kan náà á ní ó ti wọ́n jù. Ó ṣeé ṣe kí 60 yẹn sì jẹ́ iye tó dára jù láti rà á.

Ohun tí mo ń wò ni ọjà tó wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì tà. Ṣípù dà bí tòmátò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kò ṣeé kó pamọ́ de ọdún tí yóò wọ́n, torí pé èyí tó dára jù ú lọ yóò ti jáde. Bí ọjà ilẹ̀ bá ń pọ̀ sí i nígbà tí títà ń dínkù, mo mọ̀ pé wọ́n á já iye wálẹ̀, wọ́n á sì pa ìyókù rẹ́ nínú ìwé. Mo tún ń wo àdéhùn tí wọ́n ti bá àwọn bíi TSMC ṣe. Àìní ilé àgbẹ̀rọ tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ní ààlà. Nígbà tí ṣípù wọ́n gógó ní ọdún 2021, gbogbo wọn ló sáré san owó sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2022, NVIDIA tó ti ní òun yóò ta bílíọ̀nù 8.1 ní ìdámẹ́rin ọdún náà, ìyẹn oṣù mẹ́ta, ta bílíọ̀nù 6.7, ó sì ní láti fi nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 pa ọjà ilẹ̀ àti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Adúró-Ṣinṣin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo tako yín. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ọdún 2008 dùn létí nítorí pé a ti mọ òpin ìtàn náà. Ta ló mọ̀ ní ọdún 2008 pé CUDA yóò bí ọgbọ́n àtọwọ́dá? Àwọn onípìn-ín mìíràn ń wò ó nígbà náà bí owó tí wọ́n ń dà nù ni. Ìpín náà ti dé nǹkan bí 25 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, ó sì padà sí nǹkan bí 12 ní ọdún 2012, ọdún AlexNet gan-an. Ọjà kò mọ nǹkan kan.

Àwọn olówó ńlá pàápàá kò mọ̀. SoftBank, ilé iṣẹ́ ìdókòwò ti Japan, ra ìpín NVIDIA tó nǹkan bí bílíọ̀nù 4 dọ́là ní ọdún 2017. Lẹ́yìn ìṣubú ọdún 2018 tí Aṣàtúnṣe-Ẹ̀rọ sọ, wọ́n ta gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wà lọ́dọ̀ wọn o, ìwé tí ẹ ń kà làwọn náà ń kà.

Èrò tèmi ni pé kí Ọmọ-Àkúrẹ́ má ṣe wá ìsàlẹ̀ rárá. Kó ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kó máa rà díẹ̀díẹ̀, ì báà ga, ì báà wálẹ̀. Kó sì ra àpapọ̀ ìpín ilé iṣẹ́ ṣípù, irú SMH tàbí SOXX, nínú èyí tí TSMC, NVIDIA, AMD àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ṣípù jọ wà. Bí ọ̀kan bá dà bí 3dfx, ìyókù á gbé e.

Ìyá-Ìbejì

Mo fara mọ́ ọ lórí àpapọ̀ ìpín, Adúró-Ṣinṣin. Ṣùgbọ́n rírà lóṣooṣù kò yọ èèyàn kúrò nínú ìdúró pípẹ́. Ẹni tí kò bá lè gbàgbé owó náà fún ọdún mẹ́wàá kò yẹ kó dé ibẹ̀, ọ̀nà yòówù kó gbà rà á.

Oníṣirò-Àgbà

Òótọ́ wà nínú ohun tí Adúró-Ṣinṣin sọ, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa AlexNet ṣáájú. Ohun tí mo ń sọ kéré ju ìyẹn lọ: ẹni tó wo ìwé ní ọdún 2008 lè mọ̀ pé NVIDIA yóò ṣì wà láàyè ní ọdún 2012, ohun yòówù kí ọdún 2012 mú wá. Ìyẹn nìkan ni a lè fi ìṣirò mọ̀, ó sì tó nǹkan.

Ẹ wo AMD lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ó bọ́ sí ipò náà lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí 2 dọ́là ni ìpín rẹ̀ ní ìparí ọdún 2008. Ó gòkè fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún padà sí abẹ́ 2 dọ́là ní ọdún 2015. Àdánù ni wọ́n ń jẹ lọ́dọọdún láti 2012 sí 2016. Ẹni tó bá wo èrè nìkan á sá, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Àmọ́ nǹkan méjì wà nínú ìwé. Àkọ́kọ́ ni pé ṣípù wọn ló wà nínú ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4 àti Xbox One láti ọdún 2013, tí owó sì ń wọlé láti ibẹ̀ bí ọjà kọ̀ǹpútà tilẹ̀ dá. Èkejì, tí àwọn èèyàn kì í sábà kà, ni ọjọ́ tí wọ́n ní láti san gbèsè: wọ́n ti tún gbèsè wọn tò tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní tó san títí di ọdún 2019 àti lẹ́yìn rẹ̀. Lisa Su tó di ọ̀gá àgbà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014 wá ní àyè láti parí Ryzen, ṣípù kọ̀ǹpútà tuntun wọn, tó jáde ní ọdún 2017. Gbèsè tó pọ̀ kì í pa ilé iṣẹ́ bí ọjọ́ sísan rẹ̀ bá ṣì jìnnà. Gbèsè kékeré tó tó san lóṣù tó ń bọ̀ lè pa á.

Alákíyèsí-Èkó

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un, nítorí pé ẹni tó béèrè ń gbé ní Nàìjíríà. Dọ́là ni ó máa fi ra ìpín yìí, náírà ló sì ń gbà lówó oṣù. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan fò láti nǹkan bí 460 náírà kọjá 700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ti ní ìpín nílẹ̀ jèrè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà ní láti kó náírà tó pọ̀ sí i wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá yá náírà láti fi ra ìpín tó lè má gbéra fún ọdún mẹ́ta ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀. Owó èsúsú náà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Kí o tún mọ̀ pé Amẹ́ríkà ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí ilé iṣẹ́ bá pín fún onípìn-ín tó ń gbé ní Nàìjíríà. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dun ẹni nínú ọ̀rọ̀ ṣípù àwòrán, torí pé owó tí NVIDIA ń pín láti ọdún 2012 kéré gan-an. Ojú òpó tí o máa gbà rà á ló ṣe pàtàkì jù. SEC ti Nàìjíríà kìlọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 nípa àwọn tó ń ta ìpín òkèèrè láìforúkọ sílẹ̀, nítorí náà yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ SEC kí o tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ọmọ-Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pinnu pé ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí mo bá yà sọ́tọ̀ yóò lọ sínú àpapọ̀ ìpín tí Adúró-Ṣinṣin sọ, lóṣooṣù. Ìyókù ni mo máa fi dúró de ìgbà tí ọjà bá ṣubú, mi ò sì ní fi ra ilé iṣẹ́ kankan tí mi ò bá tíì ka ọjà ilẹ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ sísan gbèsè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, níbo gan-an ni mo ti máa rí nǹkan méjèèjì yìí?

Oníṣirò-Àgbà

Lọ sí EDGAR, ojú òpó SEC ti Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, kí o sì ṣí ìwé tí wọ́n ń pè ní 10-Q, èyí tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, tàbí 10-K tó jẹ́ ti ọdún kíkún. Ojú ewé tó to ohun ìní àti gbèsè ni kí o kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni “Inventories”, ìyẹn ọjà ilẹ̀, wà. Fi iye tó wà níbẹ̀ fún ìdámẹ́rin márùn-ún tó tẹ̀ léra (oṣù mẹ́ta mẹ́ta) wé ara wọn, kí o sì kọ iye ọjà títà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìdámẹ́rin kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Ọjọ́ sísan gbèsè wà nínú àwọn àlàyé tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ “Debt”, níbi tí wọ́n ti to ọdún kọ̀ọ̀kan àti iye tó yẹ kí wọ́n san nínú rẹ̀. Àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń bá wọn ṣe ṣípù wà lábẹ́ “Commitments and Contingencies”. Bẹ̀rẹ̀ láti orí 10-K ti AMD fún ọdún 2008 àti ti NVIDIA tó parí ní oṣù Kìíní ọdún 2009, kà wọ́n pọ̀, kí o sì mú ibi tí kò bá yé ọ wá síbí.